Béèrè Ẹni Tó Máa Gùn Ún Kí O Tó Ka Sípóòkù

Ìsọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́,
Ẹ̀gbẹ́ Gáréèjì, Òrè.
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀ní mi, ọma mi àtàtà,

Mo kí ọ kú oríire. Mo tún ọ kí, mo sì tún ọ kí lẹ́ẹ̀kẹta, torí ọkàn mi ò tíì gbà pé ó tó. Ara mi le. Ìsọ̀ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò àná wọ inú àpótí sípánà, ṣùgbọ́n mo ti kó gbogbo wọn sá sóòrùn.

Nígbà tí o pè mí ní Ọjọ́bọ̀ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, pé ìwọ ni yóò máa kọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, mo pariwo débi pé Alájì tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi oníbàárà sílẹ̀, ó sáré dé. Ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé kò sí o?” Mo ní, “Alájì, ayọ̀ ni! Ẹ bá mi jó!” Ìwọ náà mọ Alájì, kò mọ ijó jó, ṣùgbọ́n ó jó. Àwọn awakọ̀ tó ń pe èrò Oǹdó ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ohun tí o sọ nípa ìdánwò náà ni kò jẹ́ kí n lè jẹun lọ́jọ́ náà. O ní ọkùnrin mẹ́fà lẹ jọ wà níbẹ̀. Wọ́n kó họ́ọ̀bù àárín, rííìmù etí àti sípóòkù tó so wọ́n pọ̀, oríṣiríṣi, síwájú yín, wọ́n ní kí kálukú kọ́ ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. O ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í ki sípóòkù bọ inú họ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀, ìwọ sì na ọwọ́ sókè, o ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gùn ún?” Tọ́pẹ́, ọmọ mi! Wọ́n ní ìwọ nìkan ló béèrè. Orí mi wú.

O wá bi mí lórí fóònù pé, ní báyìí tí iṣẹ́ ti délé, báwo ni kí o ṣe máa yan iye sípóòkù, báwo ni kí o ṣe máa yan bíárìn tó ń mú họ́ọ̀bù yí. Mo ní kí o dúró. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju fóònù lọ, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá kọ ọ́. Fi í sínú àpótí iṣẹ́ rẹ.

Èkíní. Ẹrù ni kí o kọ́kọ́ kà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Bàbá Sàlámì. O ò bá wọn láyé. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀yìn gáréèjì níbí ni wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Nígbà tí bàbá mi mú mi láti Ajue wá bá wọn, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí pé ọmọbìnrin fẹ́ kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Bàbá Sàlámì ní, “Kẹ̀kẹ́ ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin. Ẹ jẹ́ kó jókòó.” Bí mo ṣe jókòó nìyẹn o.

Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Bàbá Akínlàjà, àgbẹ̀ kòkó, ará Ajue bíi tèmi. Ènìyàn ńlá ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n sanra, o sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn kí o tó rí wọn. Kẹ̀kẹ́ onírin líle ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ń kó kòkó gbígbẹ láti oko wá sí Òrè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán. Wọ́n ní, “Ọmọ wa, mo gbọ́ pé o ti gba òmìnira. Èmi ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tuntun fún mi.”

Ọ̀dọ́ ń ṣe mí. Mo ti rí rííìmù tòkúnbọ̀ kan tó ń dán bíi dígí, òun àti họ́ọ̀bù rẹ̀, ara kẹ̀kẹ́ eré ìje ni wọ́n ti tú u. Ihò méjìdínlọ́gbọ̀n ló ní. Mo fi sípóòkù méjìdínlọ́gbọ̀n sí i, mo nà wọ́n le, ó dúró gún régé. Mo gbé e sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè rí i. Bàbá Sàlámì wò ó, wọ́n ní, “Ó lẹ́wà. Kí ni yóò máa gbé?” Mo ní, “Bàbá, ẹ fọwọ́ gbé e wò, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́!” Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ìdákẹ́ wọn, ìyìn ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá Akínlàjà di àpò kòkó méjì sẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Omifunfun, ni sípóòkù kan bá já. Òmíràn já tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó lè di bíréèkì mú, wíìlì ti ká kò bí ewé tí iná rà. Bàbá fò lọ síwájú, kòkó dà sínú kòtò, egungun èjìká wọn ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi, mi ò dúró gbọ́ ọ tán. Mo sá lọ sílé bàbá mi ní Ajue. Mo ní n ò ṣe iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ láéláé, gàrí ni màá máa dín. Oṣù kan kọjá, mò ń dín gàrí, mò ń sunkún sínú agbada.

Lọ́jọ́ kan, mo rí Bàbá Sàlámì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n fi wíìlì kíká yẹn kọ́ èjìká bí àpò. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gbé e síwájú mi, wọ́n ní, “Ka sípóòkù tó kù.”

Mo kà á. “Mọ́kàndínlógún, Bàbá.”

“Bàbá Akínlàjà fúnra rẹ̀ wúwo tó kí ni?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Àpò kòkó méjì ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ọ̀nà oko wọn, ọ̀dà ni àbí iyanrìn, àbí gbòǹgbò igi?”

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní, “Gbọ́, ọmọ mi. Mo ti yẹ iṣẹ́ náà wò láti orí dé ìdí, ọwọ́ rẹ ò ṣàṣìṣe kankan. Ẹnu rẹ ni kò béèrè. Dìde, a ń lọ síbì kan.”

Ilé Bàbá Akínlàjà la lọ. Aṣọ ni wọ́n fi so apá wọn kọ́ ọrùn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí mo rò pé ìkúnlẹ̀ ò tó. Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn wọ́n léjìká, wọ́n dáwọ́ ẹ̀rín dúró. Wọ́n ní, “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí mo bá gbé kẹ̀kẹ́ yìí lọ bá ẹlòmíràn, inú gàrí ni wàá kú sí. Padà sí Òrè, kí o kọ́ òmíràn fún mi.”

Ohun tí mo fi ra ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, ọmọ mi, ọ̀fẹ́ ni mo fi ń fún ọ. Kí o tó ka ihò, wọn ẹni náà, wọn ẹrù rẹ̀, béèrè ọ̀nà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń gbé ìnira jù, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yẹn fi fi méjìlélọ́gbọ̀n sí iwájú, tí wọ́n fi ogójì sí ẹ̀yìn. Wọn ò ya wèrè. Ẹni tó wúwo, tó ń gbé ẹrù lọ́nà oko, fún un ní ogójì lẹ́yìn. Bí o ò bá rí ogójì, má ṣe sọ̀ kalẹ̀ ju mẹ́rìndínlógójì lọ. Rí i pé iye ihò họ́ọ̀bù àti ti rííìmù dọ́gba kí o tó ra ohunkóhun. Bí o bá sì ti nà án tán, fi èékánná ta sípóòkù kọ̀ọ̀kan, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tó wà lápá kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Lẹ́yìn, apá tí ṣéènì wà máa ń le ju apá kejì lọ, má jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lẹ́rù. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló máa kó bá wọn.

Èkejì. Béèrè ibi tí ẹni náà máa wà lọ́jọ́ tí bíárìn bá bàjẹ́.

O lè rò pé mo ti gbọ́n. Rárá o. Mo padà, mo kọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ológójì fún Bàbá Akínlàjà, sípóòkù rẹ̀ dára, erin lè jókòó lé e. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń wá bí mo ṣe máa fi hàn pé mo mọ̀. Họ́ọ̀bù wọn àtijọ́, bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án lápá kan, mẹ́sàn-án lápá kejì, kóònù méjì ló sì dé wọn mọ́ ibẹ̀. Mo ní ìyẹn ti di ti àtijọ́. Mo ra bíárìn tuntun, irú èyí tí wọ́n ti dé lójú láti ilé iṣẹ́, tí gíríìsì wà nínú rẹ̀. Ti ẹ̀rọ fáànù ni, ṣùgbọ́n mo ní bíárìn kò lè ju bíárìn lọ. Mo gbé họ́ọ̀bù lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ó fẹ inú rẹ̀ sí i, mo fi òòlù gbá bíárìn wọlé.

Ó ń yí wọ̀ọ̀, bí ẹni pé òróró ló ń yí. Mo sọ fún Bàbá Akínlàjà pé, “Bàbá, ẹ ò tún ní fi gíríìsì sí i mọ́ láyé yín.” Wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Òjò dé. Odò kékeré kan wà láàárín oko wọn àti ọ̀nà ńlá, inú omi ni wọ́n ti máa ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Omi àti iyanrìn wọ inú bíárìn. Ní ọjọ́ kan, ibà líle dá ìyàwó wọn, Ìyá Akínlàjà, dúbúlẹ̀ ní abúlé oko. Bàbá gbé wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi gan pa. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Bàbá ní sípánà méjì tí wọ́n máa ń so mọ́ abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Wọ́n tú wọn, wọ́n wá ibi tí wọ́n máa fi wọ́n sí. Kò síbì kankan. Bíárìn mi ti wọnú họ́ọ̀bù bí eyín ṣe wọnú erìgì. Bàbá ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sábẹ́ igi kòkó, wọ́n gbé ìyàwó wọn pọ̀n, pẹ̀lú èjìká tó ṣẹ́ṣẹ̀ jinná yẹn, wọ́n pọ̀n wọ́n títí dé ojú ọ̀nà ńlá, kí ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wá gbé wọn.

Ọlọ́run bá mi ṣe é, ìyá náà yè. Nígbà tí ara wọn yá, wọn ò rán ọkọ wọn sí mi. Wọ́n wá fúnra wọn. Obìnrin kúkurú, ojú wọn mú. Wọ́n dúró níwájú ìsọ̀.

“Ṣé ìwọ ni ọmọ Ajue tó ń ṣe kẹ̀kẹ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ lo ṣe họ́ọ̀bù tí kò ṣeé ṣí?”

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú.”

“Sípánà méjì ni ọkọ mi ní. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń fi sípánà méjì yẹn gba ara rẹ̀ là nínú igbó. Ta ló ní kí o gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípánà rẹ̀?”

Tọ́pẹ́, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi. Èyí tó wọ̀ mí lára tó yẹn ò tíì sí.

Wọ́n ní, “Dìde. Ìkúnlẹ̀ ò ní mú wíìlì yí. Wá họ́ọ̀bù tí màá lè ṣí fúnra mi bí ọkọ mi ò bá sí nílé. Kí o sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí i. N ò kúrò níbí lónìí.”

Wọn ò kúrò lóòótọ́. Mo wá họ́ọ̀bù ológójì mìíràn, mo fi bọ́ọ̀lù tuntun sí i, gbogbo wọn láti inú páálí kan náà, torí bí o bá da tuntun pọ̀ mọ́ èyí tó ti jẹ, èyí tó tóbi jù ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù. Mo kọ́ ìyá náà: ka mẹ́sàn-án, tẹ̀ wọ́n sínú gíríìsì, dé kóònù lé wọn, rọra yí i títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò fi ní mì mọ́ sọ́tùn-ún sósì, kí o wá dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, kó lè mí. Lẹ́yìn náà ni kí o ti nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀kẹrin wọ́n dijú ṣe é. Bàbá Sàlámì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń mi orí.

Nítorí náà, àwọn tó ń sáré ìje lọ́dọ̀ yín, tí ẹni tó ń tún un ṣe ń tẹ̀ lé wọn kiri, tí ìsọ̀ yín ò jìnnà sí wọn, fún wọn ní bíárìn tí wọ́n dé lójú. Ó dára, ó fúyẹ́ ní yíyí, kò ní kí wọ́n máa tún un dè lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ra èyí tó jẹ́ ti ẹrù wọn, kì í ṣe ti fáànù. Má fi òòlù gbá a. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí o lò, kí o tẹ òrùka ìta rẹ̀, má fọwọ́ kan ti inú. Ẹni tó ń lọ síbi tí kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, fún un ní bọ́ọ̀lù àti kóònù, kí o sì kọ́ ọ ní ṣíṣí rẹ̀ kó tó kúrò níwájú rẹ. Má fi ìgbéraga rẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípánà ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ kí n wá sọ ibi tó dùn fún ọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè wa ṣe ìdíje kan láàárín ara wọn: láti Òdìgbó wá sí Òrè, kí kálukú gbé àpò kòkó kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gáréèjì ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí kòkó. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ń dán. Bàbá Akínlàjà gbé ògbólógbòó wọn jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní, “Bàbá, ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ gbé wá ni àbí àkàsọ̀?” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n di àpò wọn.

Èmi àti Bàbá Sàlámì wà ní gáréèjì níbí, a ń retí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi bó ṣe lọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ fò jáde bí ẹyẹ, Bàbá wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, wíìlì ọ̀kan yẹ̀, ti ìkejì ká, ti ìkẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ òwìwí. Bàbá ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wọn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó ku ẹnì kan níwájú. Ibẹ̀ ni Bàbá ti gbọ́ pé kóònù ẹ̀yìn ń mì. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀! Láàárín eré ìje! Wọ́n tú sípánà méjì, wọ́n dè é, wọ́n tún gùn ún, kò gba àkókò tí ènìyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan jẹ. Ẹni tó wà níwájú náà gbọ́ tí họ́ọ̀bù tirẹ̀ ń lọ irin, òun ò dúró. Nígbà tó yá, họ́ọ̀bù dá a dúró.

Èmi ò mọ gbogbo èyí. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo láti ìkóríta, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín. Mo mọ ẹ̀rín náà. Kí n tó rí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń fò sókè. Bàbá Akínlàjà yọ, òógùn bò wọ́n, àpò kòkó jókòó pẹ̀sẹ̀ lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ń yí gún bí ẹni pé wọ́n fi òwú wọ̀n ọ́n. Ìyá Akínlàjà já lu agbo, wọ́n ń pariwo pé, “Họ́ọ̀bù mi ni! Họ́ọ̀bù mi ni!” Bàbá Sàlámì ní, “Àlùbáríkà!” Wọ́n ṣí fìlà orí wọn, wọ́n dé e fún mi lórí gèlè, wọ́n ní, “Láti òní lọ, ẹ máa pe èyí ní ọ̀gá.” Ọmọ mi, àwọn tó rẹ́rìn-ín mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló gbé mi sókè.

Ṣé o rí bí adùn yẹn ṣe pọ̀ tó? Òun ló mú mi ṣe àṣìṣe kẹta, èyí tó dùn mí jù láti kọ, torí ìwọ ni mo ṣe é sí.

Ẹ̀kẹta. Má sọ oògùn tó wo ènìyàn kan di oògùn gbogbo ayé.

Láti ọjọ́ náà, ogójì ni mò ń fi sí gbogbo nǹkan. Tíṣà tí kò wúwo ju àpò ìwé rẹ̀ lọ, ogójì. Ẹni tó kàn ń gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ogójì. Nígbà tí o wà lọ́mọ ogún ọdún, o wá bá mi, o ní o fẹ́ sáré nínú ìje àwọn obìnrin, lórí ọ̀dà, o sì fẹ́ kọ́ mẹ́rìnlélógún síwájú, méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, pẹ̀lú bíárìn tí wọ́n dé lójú. Méjìdínlọ́gbọ̀n! Ojú mi rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Omifunfun. Mo ní, “Irú wíìlì bẹ́ẹ̀ kì í ti ìsọ̀ mi jáde.”

O ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ka ẹrù.” O rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ní òdìkejì ọ̀nà, o gun orí òṣùwọ̀n wọn, o pè mí. “Ẹ wá wò ó. Gbogbo ẹrù tó máa wà lórí rẹ̀ nìyí.” Kò tó ìwọ̀n àpò kòkó kan. Mo rí i, Tọ́pẹ́. Òótọ́ lo sọ, mo rí i kedere. Síbẹ̀ mo ní, “Bí o bá ṣubú, má gbé ẹjọ́ rẹ wá bá mi.” Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyá sọ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì lo fi kọ́ ọ, o yí ẹ̀yìn sí mi.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí nìyí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìje náà. Mo ti ìsọ̀ pa, mo lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan níbi tí ẹ máa parí sí, mo fi ìborùn bojú. Nígbà tí ẹ yọ, ìwọ lo wà níwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú rẹ ni mò ń wò. Wíìlì ni mò ń wò. O gba ibi tí ọ̀nà ti yí kọjá, o tẹ̀ sílẹ̀, mo di ọkọ̀ náà mú. Kò mì. O gba ihò kan kọjá, mo dijú. Kò mì. O wọlé lẹ́ni àkọ́kọ́, o na apá rẹ méjèèjì sókè, àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ, èmi sì ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀ bí aṣiwèrè. Ayọ̀ ọjọ́ tí mo dé fìlà Bàbá Sàlámì kò tó ìdajì ti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo sáré ṣáájú rẹ délé. Nígbà tí o wọlé pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ, mo ní, “O ò tíì jẹun?” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Foríjì mí, Àbẹ̀ní mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi fẹ́ dá tèmi nìkan. Wíìlì tó dára jù tí mo rí láyé mi, ìwọ lo kọ́ ọ, mo sì ní kí o lọ jẹun.

Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá ọ níbẹ̀ lọ́la pẹ̀lú iye sípóòkù tó bà ọ́ lẹ́rù, gbé e gun òṣùwọ̀n kí o tó sọ̀rọ̀. Bí òṣùwọ̀n bá gbè é lẹ́yìn, ìwọ náà gbè é lẹ́yìn. Bí ọkùnrin kan bá sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín nítorí pé o jẹ́ obìnrin, má bá a fà á. Fún un ní sípóòkù kan kó ta á, kó sọ èyí tó gbọ́. Bí iṣẹ́ rẹ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, má sá lọ dín gàrí. Lọ bá a nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Máa jẹun lásìkò. Máa wẹ gíríìsì kúrò lábẹ́ èékánná kí o tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò ṣeé fi kọ́ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mí.

Ọlọ́run tó mú ọ dúró níwájú ọkùnrin mẹ́fà yóò mú ọ dúró níwájú ọgọ́ta. Ọwọ́ rẹ ò ní gbọ̀n. Ẹni tó bá gun iṣẹ́ rẹ yóò délé. Àmín.

Ó ku ohun kan. Ọkùnrin kan wá láti Àgbàbú lánàá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé níbẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kan wá tí bíréèkì rẹ̀ kì í di rííìmù mú rárá. Àwo irin kan wà lára họ́ọ̀bù, òun ni bíréèkì ń dì mú. Mi ò kọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ ẹsẹ̀ tuntun méjèèjì. Mo wọ̀n ọ́n: kò sanra, ṣùgbọ́n àpótí ìwé ńlá ló ń gbé sẹ́yìn. Ọ̀nà rẹ̀, ìdajì ọ̀dà, ìdajì iyanrìn, ẹrẹ̀ sì wà níbẹ̀ lásìkò òjò. Sípánà ò ṣàjèjì sí i, ó sọ pé òun lè ṣí họ́ọ̀bù bí wọ́n bá fi hàn án.

Mo ti béèrè gbogbo ohun tó yẹ kí n béèrè. Sípóòkù mélòó ni kí n fi sí i, Tọ́pẹ́? Bíárìn wo? Mi ò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Mo sọ fún tíṣà pé kó ṣe sùúrù títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọ̀gá mi ò tíì fún mi lésì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Òrè.